Aṣọ Dúdú Ẹnu Ọ̀nà Abla

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi rọra yọ, kò fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan, ó gba etí ọ̀sà kọjá, ó lọ jókòó ti Abla tí í kó iyọ̀. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ má pariwo, nítorí ariwo kì í ṣe ọ̀rẹ́ obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Ọmọ Ànlọ́ ni Abla, ní ilẹ̀ Gáná níbí, ní abúlé wa tí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀. Ọgbà imọ̀ àgbọn nìkan ló la ilé rẹ̀ àti ilé mi láàárín. Bí ó bá húkọ́, mo gbọ́. Bí mo bá dáná, èéfín mi ló kọ́kọ́ ń kí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àti ẹnu Tsatsu ọlọ́kọ̀.

Abla kéré púpọ̀ nígbà tí túúlu, orí tí í fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kọ́kọ́ mú un. Inú ọ̀sà ni òun àti ìyá rẹ̀ wà, wọ́n ń kó iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbójú sókè kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdajì ojú ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Imú wà, ojú kan wà, ibi tó kù ti di òfìfo. Létí òfìfo yẹn, ìmọ́lẹ̀ kan ń gbọ̀n, ó rí gbágungbàgun bí eyín ayùn. Ọmọdé yẹn rò pé wọ́n ti la orí ìyá òun sí méjì. Ó sá lọ inú omi, ó ń ké, ìyá rẹ̀ rò pé ejò ló rí. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà lọ tán ni orí fífọ́ wá dé. Bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú agbárí rẹ̀ lápá òsì tí ń gún nǹkan lódó. Ó bì títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tó lè bì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara rẹ̀ ti yá. Wàhálà rẹ̀ sì nìyẹn. Àìsàn tó dá ènìyàn wó lánàá tí kò sí mọ́ lónìí, ta ni yóò gbà á gbọ́? Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di orin.

"Abla, ṣé orí tún ti dé? Orí yìí mà gbọ́n o, ó mọ ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀."

Ó dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú oṣù kan, túúlu lè wá lẹ́ẹ̀mejì, ó lè wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló burú jù nínú rẹ̀, mo rò pé yóò ní ìrora ni. Ó ní rárá. Ó ní ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣe òun gan-an lẹ̀rù máa ń ba òun jù, nítorí ọjọ́ náà lòun mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láràárọ̀ tó bá jí, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, yóò na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, yóò la ìka, yóò wò ó bóyá wọ́n pé. Mo máa ń yọjú rí i láti ọ̀dọ̀ mi. Bí ìka bá pé, yóò mí kanlẹ̀. Bí ìka kan bá sọnù, yóò yára gbé ìkòkò kúrò lórí iná, yóò wọlé.

Iṣẹ́ wo la sì ní létí ọ̀sà bí kò ṣe iyọ̀? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á fà, iyọ̀ á dì sísàlẹ̀, gbogbo abúlé á wọ inú ọ̀sà lọ, a ó máa fọwọ́ kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ funfun, omi funfun, ojú ọ̀run funfun. Ẹni tí orí kì í fọ́ gan-an, ojú á máa ro ó. Fìlà koríko tó fẹ̀ bí àtẹ ni Abla máa ń dé, á fi èédú kun abẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta á.

Àwọn obìnrin á ní, "Daa Abla, ta lẹ fẹ́ lọ dẹ́rù bà nínú omi?" Daa ni à ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin níbí.

Abla á ní, "Oòrùn ni. Ó ti dẹ́rù bà mí tó."

Ó kọ́ yàrá amọ̀ kan sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, kò yọ fèrèsé sí i. Ó fi aṣọ dúdú tó nípọn ta ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń sá sí. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ń wá. Ẹni tó ní túúlu máa ń rò pé òun nìkan ló ní i ni, àfi ìgbà tó bá gbọ́ pé ẹlòmíràn wà. Obìnrin aránṣọ kan wá. Tísà kan wá láti abúlé kejì, ó fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tó jalè. Abla á tẹ́ ẹní fún wọn, á fi aṣọ tútù lé wọn níwájú orí, á gbé ìkòkò oníyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ wọn nítorí èébì. Kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Á jáde, á jókòó sílẹ̀ níta, á fi ẹ̀yìn ti ògiri ẹnu ọ̀nà, bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Tísà yẹn sọ fún mi pé kì í ṣe aṣọ tútù ló wo òun sàn. Ó ní Abla ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò bi òun pé ṣé lóòótọ́ ni.

Òfin kan ṣoṣo ló fún abúlé. Bí aṣọ dúdú bá ti délẹ̀, má ṣí i. Má pe ẹni tó wà ńbẹ̀, má gbé e, má mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Fi í sílẹ̀ kí ó kọjá. A kọ́ ọ tì títí, a wá mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá ti wálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Abla, àwa ará àdúgbò kì í gún nǹkan lódó, a kì í dín ẹja. Àní ẹni tó ń polówó abolo, oúnjẹ àgbàdo wa, á ti jìnnà kí ó tó tún lanu.

Ìgbà náà ni Yawa mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá. Yawa yìí, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹja lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń bá àwọn apẹja lọ sí èbúté tó jìn, oṣù gbọọrọ ni kì í fi í sí nílé. Esinam ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́, túúlu sì ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ilé bàbá rẹ̀.

Yawa dúró lágbàlá Abla, ó ní, "Abla, gbà mí. Ìyàwó tí a gbé fún ọmọ mi yìí, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé fún wa, àbí tìẹ ni wọ́n yá a?"

Abla wo ọmọ náà, ó ní, "Bó bá jẹ́ tèmi ni, a jẹ́ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ olórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Bí ó ṣe di ọmọ Abla nìyẹn. Ó lóyún, túúlu sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sanra. Àmọ́ inú Abla kò fi bẹ́ẹ̀ dùn bíi tàwa yòókù. Ó ní ohun tó bá lọ láìdágbére, àbọ̀ rẹ̀ máa ń ṣòro.

Iyọ̀ wá dì lọ́dún yẹn bí èyí tí a kò rí rí. Gbogbo wa wọ ọ̀sà. Yawa ní ìyàwó ọmọ òun kò gbọdọ̀ wọ omi pẹ̀lú oyún, ó fi í sílé kó máa ro akple, òkèlè wa, dè wá. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí nígbà iyọ̀. Omi iyọ̀ á wú u, á là á yànmọ̀yànmọ̀. Ẹsẹ̀ iyọ̀ là ń pè é. Nírọ̀lẹ́ a ó jókòó yíká, a ó máa fi òróró àgbọn pa á, a ó máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú oṣù yẹn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá wú la máa ń wò tìyanu-tìyanu.

Lọ́jọ́ kan orí mú Esinam. Yawa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó mú un wọ yàrá Abla, ó jẹ́ kí aṣọ dúdú wálẹ̀, ó padà sínú ọ̀sà. Nígbà tí Abla dé nírọ̀lẹ́, ó fún un ní omi, ó tún aṣọ ta. Ilẹ̀ mọ́, orí ṣì ń fọ́. Ẹ̀rù ta Abla lẹ́ẹ̀kan, ó sì lé e dànù. Ó ní túúlu tiwa náà máa ń sùn ti ni nígbà mìíràn. Ó lọ sí ibi iyọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ó padà. Ó sọ fún mi pé nǹkan kan kò pe òun, ẹsẹ̀ òun ló ṣáà ń rìn bọ̀. Mo wà lẹ́yìn ọgbà, àyà ló ń dùn mí tí n kò fi lọ sí ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ tó wọlé.

"Esinam."

"Daa."

"Ìmọ́lẹ̀ àná, ṣé ó ti lọ?"

"Kò lọ, Daa. Ó wà níwájú mi látàná."

Abla kúnlẹ̀ tì í. Nínú túúlu tiwọn, ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ wá, á sì lọ, kí orí tó dé. Àwọn méjèèjì kì í sùn nínú ilé kan náà.

"Ẹ̀gbẹ́ wo ló ń fọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Abẹ́ ìhà mi náà ń dùn mí, lókè ikùn níbí."

Abla di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ó lè tún un tẹ́ sórí ẹní. Ẹsẹ̀ náà wú. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì bẹ̀rù, nítorí ẹsẹ̀ wíwú ti sú ọwọ́ yẹn lóṣù yẹn. Ó ti gbé e sílẹ̀ tán kí ó tó rántí. Ẹsẹ̀ yìí kò wọ ọ̀sà. Ẹsẹ̀ tí kò wọ omi, iyọ̀ wo ló wú u? Ó tún gbé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ibẹ̀ jìn wọlé bí ẹni tẹ amọ̀, kò sì padà.

Ní ọjọ́ tó ti pẹ́, aboyún kan wà lábúlé wa tó wú báyìí, tó ní orí ń fọ́ òun, tó ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀. Gìrì ló gbé e. Abla wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀.

Mo gbọ́ tí aṣọ ya. Ó fa aṣọ dúdú yẹn já lẹ́nu ọ̀nà. Yawa ń ti ọ̀sà bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ó rí i, ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́ sẹ́nu ọ̀nà náà.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù òdìkejì ọ̀sà."

"Nínú oòrùn yìí? Ìwọ Abla? Ìwọ lo ní kí a má ṣí i. Ìwọ lo ní kí a má gbé e. Ọmọ tèmi lo wá fẹ́ fi tú òfin ara rẹ?"

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Dìde."

"N kò dìde. Bó bá kú sójú ọ̀nà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀?"

"Bó bá kú síbí ńkọ́? Ó dáa, má dìde. Na ọwọ́ rẹ wá. Tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Yawa tẹ̀ ẹ́.

"Tẹ tìrẹ báyìí."

Yawa tẹ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ iyọ̀ ni, ó le bí awọ, ó ta ìka rẹ̀ padà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ti ọmọ náà, kòtò ìka rẹ̀ ṣì wà lójú ibẹ̀.  Ó dìde, ó gbé ọmọ náà lápá kan, Abla gbé e lápá kejì.

Tsatsu wà létí omi, ó ń kó àpò iyọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí wọn lókèèrè, ó ní, "Ẹ̀yin ará inú òkùnkùn, kí lẹ ń wá lábẹ́ oòrùn? Àbí oòrùn bẹ̀ yín?" Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tó rí ojú Esinam, ó bẹ́ sínú ọkọ̀. Ó ń ju àwọn àpò náà sílẹ̀, àwọn kan bọ́ sómi. Omi ti fà, bí ọkọ̀ bá wúwo yóò kanlẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta nìkan ló lè gbà. Yawa dúró nínú omi títí dé itan, ó ń wò wọ́n lọ.

Abla dé fìlà koríko rẹ̀ fún Esinam, ó fi aṣọ dúdú bo ojú rẹ̀. Ojú tirẹ̀ wá ṣófo sí oòrùn. Gbogbo ọ̀sà ń kọ mànà. Wọn kò tíì dé àárín nígbà tó wo Esinam tí kò rí apá òsì rẹ̀. Ó mọ ohun tó dé. Ó ní ẹ̀rù tó ba òun nígbà yẹn, òun kò mọ irú rẹ̀ rí, nítorí nígbà tí túúlu bá le, ọ̀rọ̀ máa ń já lẹ́nu òun. Òun nìkan ló sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Tsatsu, bí a bá débẹ̀, sọ fún wọn pé kì í ṣe..." Ọ̀rọ̀ náà sá. Ó wá a, kò rí i. Èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀."

"Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀, Daa. Iyọ̀ ti lọ. Ẹ sinmi, èmi á bá wọn sọ̀rọ̀."

"Iyọ̀," ni Abla ń wí. "Iyọ̀."

Wọ́n dé. Ọsibítù náà kún, àwọn ènìyàn jókòó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré kiri, obìnrin kan ń rọbí ní yàrá inú. Tsatsu gbé Esinam lé apá, Abla ń fi ọwọ́ wá ògiri bọ̀ lẹ́yìn.

Tsatsu ní, "Nọ́ọ̀sì wa, ẹ má bínú. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, gbogbo abúlé wa ló mọ̀ ọ́n. Túúlu ni. Ibi tó ṣókùnkùn nìkan ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò ní yọ yín lẹ́nu."

Nọ́ọ̀sì ní, "Yàrá ẹ̀yìn yẹn tutù. Tẹ́ wọn síbẹ̀ kí wọ́n sùn díẹ̀, mò ń bọ̀."

Abla gbọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ náà padà sínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀. Ó lanu, ẹnu gbẹ. Ó bá di etí aṣọ nọ́ọ̀sì mú.

"Ìyá, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ bímọ nínú ibẹ̀ yẹn."

Kò fi í sílẹ̀. Ó fà á títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Esinam, tí Tsatsu ti tẹ́ sílẹ̀. Abla na àtàǹpàkò láti tẹ ẹsẹ̀ Esinam, ó sì tẹ sìmẹ́ńtì, nítorí ẹsẹ̀ náà wà ní apá tí kò rí. Tsatsu ní, "Daa, kí lẹ ń wá nílẹ̀?" Abla yí orí, ó rí ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó nàka sí kòtò náà. Ó nàka sí ikùn. Ó tún tẹ ẹsẹ̀ iyọ̀ ti ara rẹ̀, ó mi orí, ó mi orí.

Nọ́ọ̀sì wo kòtò náà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ojú Esinam, ó rí i pé ojú náà wú. Ó dìde, ó pe dókítà, ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn wá. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè ni gìrì dé. Apá ọmọ náà le gan-an, eyín rẹ̀ há. Wọ́n sáré gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Tsatsu fẹ́ mú Abla lọ sí yàrá tó tutù yẹn. Ó kọ̀. Òkùnkùn tó ń wá láti kékeré, wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò gbà á. Ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń bì, ó dojú kọ ilẹ̀kùn náà. Tsatsu ní bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, Abla á gbé orí sókè.

Nírọ̀lẹ́, nǹkan kan ké nínú ilé bí ọmọ ológbò. Nọ́ọ̀sì jáde, ó nu ojú. Ó ní ọmọ Esinam ti dé, obìnrin ni, ó kéré, ó ń mí. Ó ní ìyá rẹ̀ kò tíì lajú, wọn kò sì mọ̀ bóyá yóò là á.  Abla di ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì mú, ó sì tún dojú kọ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejì ti ń rọ̀ nígbà tí Esinam lajú, tó ní òùngbẹ omi ń gbẹ òun. Yawa ti dé nígbà náà, ó rìn yí ọ̀sà ká wá ni. Ó sunkún, ó ní, "Omi nìkan? Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn?" Ó sì lọ bù ú.

Báyìí ni ẹ̀mí méjèèjì ṣe yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò kúrò lára Abla. Ó tún aṣọ dúdú rán, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá yẹn mọ́ láìdáhùn. Á di ọwọ́ rẹ mú níta, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń pa ọ́, á ní, "Ṣé èyí tí o mọ̀ nìyí, àbí àlejò ni?" Bó bá jẹ́ àlejò, ọkọ̀ Tsatsu lo ń lọ. Àwọn kan kùn pé ojo ti wọ̀ ọ́ jù. 

Lẹ́yìn tí Esinam já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, túúlu padà wá bá a. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi kọjá.

"Daa, mo ti rí ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ má ta aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á bò mí."

"N kò ní í ta á. Jókòó tì mí."

Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń bọ́ lé wọn lójú. Abla na ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan ara rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò lè dáná. Mo dúró sẹ́yìn ọgbà, n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ó pẹ́ lójú mi.

Esinam wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti lọ, Daa. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti lọ. Orí ti ń dé, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan." Ó sunkún. Ó ní, "Tiwa ni."

Abla ní, "Tiwa ni." Ó mú un wọlé, ó sì jẹ́ kí aṣọ wálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi jókòó sí nìyẹn, ẹ má jí i. Ẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn iyanrìn ara yín nù, kí ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò rẹ̀ tó ti sùn. Ẹ lọ sùn.